Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa: Àwọn ilé ńlá Mayo, nílẹ̀ Ireland

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lóṣù tó kọjá, ìyá kan ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa, a sì gbé e jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Castlebar, ní káńtì Mayo nílẹ̀ Ireland, ló ya fọ́tò náà lọ́jọ́ tí kò sí níbi iṣẹ́: ó wọ kóòtù tó nípọn, ó wé gèlè àdìrẹ, ó dúró síwájú ilé òkúta gíga kan létí omi, fèrèsé ilé náà tín-ín-rín bí ojú ẹni tó ń sùn. Látọjọ́ náà ni ìbéèrè ti ń wọlé lóríṣiríṣi, ta ló kọ́ ọ, kí ni wọ́n ń fi ṣe, ṣé èèyàn ń gbébẹ̀. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo sì mú mẹ́fà tí mo lè dáhùn dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́, ọ̀rọ̀ tó máa ń gbà mí lọ́kàn gan-an ni.

Kí n tètè sọ èyí ká lè jọ máa lọ. Ireland pín sí káńtì 32, 26 nínú ẹ̀ ló wà lábẹ́ ìjọba tiwọn, mẹ́fà tó kù ṣì wà lábẹ́ ìlú ọba. Mayo wà níhà ìwọ̀ oòrùn, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti ń lu etí ilẹ̀. Ilé àtijọ́ oríṣi méjì ló pọ̀ níbẹ̀: ilé olódi, tí wọ́n kọ́ nígbà ogun kí ọ̀tá má baà ráyè wọlé, àti ilé àwọn onílẹ̀, tí wọ́n kọ́ nígbà tí ogun ti rọlẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i pé olówó ló ń gbébẹ̀. Èyí kejì yìí, Ilé Ńlá ni àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń pè é.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, Ìtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní obìnrin ló ni ilé tó wà nínú fọ́tò yẹn láyé àtijọ́, pé ìyá náà ń jagun lórí omi. Mo ní irọ́ ni, ó ní òótọ́ ni. Ẹ bá wa dá sí i.

Mọ̀ǹmí, ọmọ yín ló jàre. Ilé yẹn ń jẹ́ Rockfleet, ó wà lẹ́bàá ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Newport, létí Clew Bay. Obìnrin náà ni Gráinne Ní Mháille, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Grace O'Malley. Nǹkan bí 1530 ni wọ́n bí i, nǹkan bí 1603 ló kú. Ìdílé bàbá ẹ̀ ló ń ṣàkóso ojú omi yẹn, àjèjì tó bá fẹ́ pẹja níbẹ̀ tàbí tó fẹ́ gbé ọkọ̀ kọjá gbọ́dọ̀ san nǹkan, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn oníbodè dáadáa mọ bí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọlé, ẹni tí ò bá sì san, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní olè ojú omi ni. Lójú tèmi olórí ni, torí omi bàbá ẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀ dùn púpọ̀. Wọ́n ní nígbà tó wà ní kékeré ó fẹ́ bá bàbá ẹ̀ wọkọ̀ lọ Sípéènì, bàbá ní irun ẹ̀ gùn jù, á há sínú okùn ọkọ̀, ló bá wọlé lọ ó gé irun náà kanlẹ̀. Ọkọ ẹ̀ kejì, Richard Bourke, ló ni Rockfleet, wọ́n ní ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi àdéhùn sí, nígbà tí ọdún pé, Gráinne ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ síta, ó sì pariwo sí i látòkè pé òun ti kọ̀ ọ́. Ìyẹn ìtàn o. Ti 1593 ní tiẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba: gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Connacht, agbègbè ńlá tí Mayo wà nínú ẹ̀, Richard Bingham, mú ọmọ ẹ̀ ọkùnrin àti ọmọ bàbá ẹ̀, ìyá náà gbéra ó di ọ̀dọ̀ Elizabeth ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Greenwich. Obìnrin méjì, àwọn méjèèjì ti dàgbà, àwọn méjèèjì ń ṣe olórí láàárín ọkùnrin. Wọ́n ní èdè Látìn ni wọ́n fi bára wọn sọ̀rọ̀ torí kò sí èyí tó gbọ́ èdè èkejì. Wọ́n tú ọmọ ẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń kà nípa ẹ̀, Ìyálóde Tinúbú ló ń wá sí mi lọ́kàn, ẹni tó wá ohun ìjà fún Ẹ̀gbá nígbà tí Dahomey ń gbógun bọ̀.

Ní ti ilé náà fúnra ẹ̀, àjà mẹ́rin ni. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù sí, òkè pátápátá ni olórí ilé ń jókòó sí, níbi tí ààrò iná wà. Bí òkun bá kún, omi á dé ẹsẹ̀ ògiri. Fèrèsé tín-ín-rín tí ẹ rí yẹn, torí kí ẹni inú lè rí ẹni ìta ni, kí tìta má sì rí tinú ta. Àwọn baba wa dé ibí, wọ́n bá Olúmọ nílẹ̀, wọ́n sá sábẹ́ ẹ̀. Àwọn tọ̀hún ò rí irú ẹ̀, wọ́n ń gbé òkúta lé òkúta títí ó fi di àpáta.

Akẹ́kọ̀ọ́, Camp: Ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ wa kan sọ pé ọ̀rọ̀ "boycott" tá a máa ń pè yẹn, orúkọ èèyàn ni, pé Mayo ló ti wá. Ṣé kì í ṣe àwàdà?

Àbúrò, kì í ṣe àwàdà rárá, orúkọ èèyàn ni. Charles Cunningham Boycott lorúkọ ẹ̀, Captain ni wọ́n ń pè é torí ó ti ṣe sójà rí. Ilé ẹ̀ kì í ṣe ilé olódi, ilé onílẹ̀ lásán ni, ó ń jẹ́ Lough Mask House, lẹ́bàá ìlú Ballinrobe, ilé náà ṣì wà títí dòní. Boycott kọ́ ló ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, olówó kan tó ń jẹ́ Lord Erne ló ni ín, Boycott ló ń bá a gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ibi tó ti le nìyẹn. Ẹ̀yin tí bàbá yín ti dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ rí mọ ìṣákọ́lẹ̀, àmọ́ ti ọ̀dọ̀ wa láyé àtijọ́, iṣu díẹ̀, epo díẹ̀, ká fi mọ̀ pé onílẹ̀ ló ni ilẹ̀. Ti àwọn yẹn, owó ni, owó tó wọni lọ́rùn, ọdún tí o ò bá rí i san wọ́n á lé ẹ jáde tìyàwó tọmọ, wọ́n á tún wó òrùlé ilé náà kó o má baà padà wọ̀ ọ́.

Ọdún 1879 burú fún àgbẹ̀ Mayo. Oko ò ṣe dáadáa. Nínú oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n dá Land League, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àwọn àgbẹ̀, sílẹ̀ ní Castlebar, Michael Davitt ló ṣáájú, ọmọ Mayo ni, ọmọdé lásán ni nígbà tí wọ́n lé àwọn òbí ẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Ní 1880 àwọn àgbẹ̀ Lord Erne ní kí wọ́n yọ ìdá mẹ́rin kan kúrò nínú ìṣákọ́lẹ̀, Erne ní ìdá mẹ́wàá kan lòun lè yọ. Nínú oṣù kẹsàn-án Boycott rán akọ̀wé kóòtù jáde pẹ̀lú ìwé ìlénijáde, ọlọ́pàá tẹ̀ lé e. Ó pín mélòó kan. Àwọn obìnrin àdúgbò bá tú jáde, wọ́n ń sọ òkúta, wọ́n ń sọ ẹrẹ̀, wọ́n ń sọ ìgbẹ́ ẹran, títí akọ̀wé àti ọlọ́pàá fi sá wọ ilé Boycott.

Lọ́jọ́ kejì ló wá ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lù ú. Wọ́n kàn fi sílẹ̀ ni. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lóko lọ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé lọ, alágbẹ̀dẹ ò bá a kan bàtà ẹṣin mọ́, alágbàfọ̀ ò gba aṣọ ẹ̀, ọmọ tó ń mú lẹ́tà wá ò wá mọ́, ṣọ́ọ̀bù ní Ballinrobe ò ta búrẹ́dì fún un. Oko ẹ̀ gbó, kò rẹ́ni bá a kórè. Ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní London, bí gbogbo ìlú ọba ṣe gbọ́ nìyẹn, ni 50 ọkùnrin láti káńtì Cavan àti Monaghan bá ní àwọn á wá bá a kórè, ìjọba sì kó sójà tó sún mọ́ 1,000 tẹ̀ lé wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nínú òjò. Irè oko tó tó nǹkan bí 500 pọ́ùn, owó tí wọ́n ná lé e lórí kó tó kúrò lóko tó 10,000 pọ́ùn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Boycott kó ẹrù, ó bá wọn lọ.

Orúkọ náà wá bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi pe irú ìyà báyìí. Àlùfáà kan, Father John O'Malley, jókòó pẹ̀lú oníròyìn ará Amẹ́ríkà kan, James Redpath, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nílẹ̀ le jù fún àwọn àgbẹ̀, àlùfáà bá ní kí wọ́n kúkú pè é ní Boycott. Ó tán.

Àbúrò, ilé ìwé tó o wà yìí, ìlú tí àwọn ìyá wa ti ṣe irú ẹ̀ ló wà. Ní 1947 Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin ọjà kó ara wọn lọ síwájú ààfin Aké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n fi orin bú ọba, wọ́n ní àwọn ò san owó orí mọ́. Nígbà tó di 1949, Aláké Adémọ́lá kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbà á padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àmọ́ owó orí obìnrin ti kúrò ńlẹ̀. Àwọn obìnrin Mayo àti àwọn obìnrin Aké ò gbọ́ nípa ara wọn rí. Mo máa ń rò ó pé bí wọ́n bá pàdé, wọn ò ní nílò ògbufọ̀.

Bọ̀dá Onímọ́tò, Lafẹnwá: Ṣé òótọ́ ni pé ìdílé tó ni Guinness ní ilé olódi níbẹ̀?

Òótọ́ ni, ilé náà sì wà títí dòní, Ashford Castle ni, ní Cong, létí adágún tó ń jẹ́ Lough Corrib. Ìdílé de Burgo ló kọ́kọ́ kọ́ odi síbẹ̀ ní 1228. Ní 1852 Benjamin Lee Guinness rà á, ọmọ ọmọ Arthur Guinness tó bẹ̀rẹ̀ bíà náà ní Dublin ní 1759. Ọmọ ẹ̀, tí wọ́n fi jẹ Lord Ardilaun, ló wá fẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbin igi, ó ra ilẹ̀ kún ilẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí fọ́tò ẹ̀, púpọ̀ nínú ibi tó dà bí ti ayé ogun yẹn, owó bíà ló kọ́ ọ, kò tíì pé 200 ọdún.

Ní 1939 wọ́n sọ ọ́ di hòtẹ́ẹ̀lì, Reagan tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà sùn síbẹ̀ ní 1984. Owó orun kan níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Ṣùgbọ́n hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ló jẹ́ kí páànù wà lórí ẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà sí i. Ẹ̀yin náà rántí pé láti 1962 ni Guinness ti ń pọn bíà ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ bàbá wa ló ti fi náírà tiwọn kún owó ilé iṣẹ́ náà.

Bàbá Tíṣà, Ìbarà: Mo rí àwòrán Westport House, ilé náà rẹwà, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ibo ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti wá? Ṣé kò sí ọwọ́ òwò ẹrú níbẹ̀?

Ẹ ṣé, Bàbá. Ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó. Ilé tí ẹ rí yẹn, ayàwòrán ilé ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Richard Cassels ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní nǹkan bí 1730 fún ìdílé Browne, James Wyatt ló ṣe inú ẹ̀ lẹ́yìn náà, yàrá oúnjẹ ibẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà funfun lára àjà bí ìgbà tí wọ́n fi ìfófòó ọṣẹ ṣe é. Orí ibi tí odi ìdílé O'Malley wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé, ọgbà ẹ̀wọ̀n abẹ́ ilẹ̀ ti odi àtijọ́ náà ṣì wà nísàlẹ̀, ìyá tó kọ́kọ́ bá ọkọ ẹ̀ kọ́lé síbẹ̀ láàárín 1680 sí 1690, Maud Burke, àrọ́mọdọ́mọ Gráinne tá a sọ lẹ́ẹ̀kan ni.

Owó ńkọ́? Ìṣákọ́lẹ̀ ni apá kan. Apá kejì, ìdílé náà gbé obìnrin kan níyàwó tí bàbá ẹ̀ ní oko ìrèké ní Jàmáíkà, oko tí àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n rà bí ẹran ń ro, ni oko náà bá di tiwọn. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Howe Peter Browne, Marquess of Sligo kejì, oyè ìdílé náà nìyẹn. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ó lọ Gíríìsì, ó wú òpó òkúta méjì kúrò lẹ́nu ọ̀nà ibojì ọba kan ní Mycenae, ó kó wọn wálé, ìdí tó sì fi ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin ní London ni pé ó fi owó fa àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ogun ìjọba kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n lè wá bá a wakọ̀ tiẹ̀. Ti òpó òkúta tó wú, kò sẹ́ni tó bi í. Òpó náà wà nísàlẹ̀ ilé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìsẹ́ni tó rántí rẹ̀, kó tó di pé wọ́n gbé e lọ sí British Museum. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ère Benin ń dùn, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé.

Ẹni kan náà yìí ló jẹ́ gómìnà Jàmáíkà ní 1834, ọdún tí òfin pé kí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Òun náà ní ẹrú lóko tiẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀ tó rí bí àwọn olóko ṣe ń na èèyàn, ó gbèjà àwọn tí wọ́n ń nà, àwọn olóko bá a ṣọ̀tá títí ó fi kúrò lórí àga ní 1836. Abúlé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sligoville, abúlé àkọ́kọ́ fún àwọn tó dòmìnira, orúkọ oyè ẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Bàbá, èmi ò ní kí a yìn ín tán. Owó oko ìrèké ló fi jẹun títí ó fi dàgbà. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwọn Sàró tiwa ń wọlé sí Abẹ́òkúta láti Freetown, àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, kí n sì tó wo ilé Westport yẹn ní àwòrán, àwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ìdílé Browne gbébẹ̀ títí 2017 kí wọ́n tó tà á, láti 1960 ni wọ́n ti ń gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó ń wá wò ó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin, Sàpọ́n: Mo gbọ́ pé wọ́n dáná sun púpọ̀ nínú àwọn ilé yìí. Ṣé àwọn tí wọ́n fìyà jẹ ló ń gbẹ̀san?

Àwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ní gbogbo ilẹ̀ Ireland, láàárín 1920 sí 1923, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ńlá ló jóná. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ fún ẹ, tó máa ń dùn mí, ni Moore Hall, torí tiẹ̀ yàtọ̀.

Ìdílé Moore, Kátólíìkì ni wọ́n. George Moore lọ ṣòwò wáìnì ní Alicante ní Sípéènì, ó lówó, ó padà wálé, ó sì kọ́ ilé náà láàárín 1792 sí 1795 sórí òkè kan tó kọjú sí adágún Lough Carra. Ọmọ ẹ̀ John ni àwọn Faransé fi ṣe ààrẹ Connacht ní 1798 nígbà tí wọ́n wá ran àwọn ará Ireland lọ́wọ́ láti jà fún òmìnira, kò pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi mú un, àtìmọ́lé ni ó ti kú. Ọdún díẹ̀ ṣáájú 1850 ni ìyàn ńlá dé. Pòtétò, tí àwa náà ń pè ní Áírìṣì lọ́jà títí dòní, òun nìkan ni àwọn tálákà ń jẹ, láti 1845 ni àrùn ti wọ inú ẹ̀, ó ń jẹrà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó wú u. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú ní Ireland, nǹkan bí mílíọ̀nù mìíràn sá lọ. Ní Mayo ó le ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ.

George Henry Moore, ọmọ ọmọ ẹni tó kọ́lé, fẹ́ràn eré ẹṣin. Ní 1846 ẹṣin ẹ̀ tó ń jẹ́ Coranna gba ife ìdíje Chester Cup, owó tó wọlé fún un, wọ́n ní ó tó 17,000 pọ́ùn. Ó fi owó náà bọ́ àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ ẹ̀, ó ra màlúù fún wọn, òun àti Lord Sligo ìgbà náà tún dá owó jọ kó ìyẹ̀fun wá láti Amẹ́ríkà. Àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ pé kò lé ẹnì kankan jáde, àti pé ebi ò pa ẹnì kankan lórí ilẹ̀ Moore.

Ọjọ́ kìíní oṣù kejì, 1923. Ogun abẹ́lé wà nílẹ̀, ọmọ Ireland ń bá ọmọ Ireland jà lórí àdéhùn tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Maurice, ọmọ George Henry, ti di sẹ́nétọ̀ nínú ìjọba tuntun, àwọn tó lòdì sí ìjọba náà sì ń dáná sun ilé àwọn sẹ́nétọ̀. Wọ́n dé lóru, wọ́n dáná sun Moore Hall, tòun tìwé tòun tàga. Ilé tó bọ́ èèyàn nígbà ìyàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo pa ìwé dé, mi ò lè tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ yẹn. Òkúta ilé náà ṣì dúró, fèrèsé ẹ̀ ṣófo, igi ti hù nínú yàrá, àwọn àdán kan tí wọ́n ṣọ̀wọ́n ló ń gbébẹ̀. Káńsù Mayo rà á ní 2018.

Kì í sì í ṣe iná nìkan ló pa ilé o. Pàápàá láti 1903, ìjọba yá àwọn àgbẹ̀ lówó kí wọ́n fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ìyẹn dáa, ẹ̀tọ́ wọn ni, ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ tó ń tún òrùlé ṣe dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, owó orí ilé wà lórí ilé tó bá ní òrùlé. Ni àwọn tó ni ilé bá ń ṣí òrùlé fúnra wọn kí wọ́n má baà san án. Ọdún mélòó kan òjò, ó tán.

Olórí ẹbí kan, Ìgbẹ̀in: A ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá bàbá wa, ó ti lé ní 90 ọdún, amọ̀ ni ògiri ẹ̀. Àwọn ọmọ ní ká wó o ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Èmi ò fẹ́, àmọ́ mi ò mọ ohun tí màá fi bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn òyìnbó yẹn, kí ni wọ́n ṣe tí tiwọn fi wà?

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí tó ṣáájú. Ẹ wo àwọn tó wà nínú wọn: Ashford di hòtẹ́ẹ̀lì, Westport fi ọ̀pọ̀ ọdún gba owó ìwòran, àwọn ìdílé kan gba àlejò orun. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Turlough Park, lẹ́bàá Castlebar, ìdílé Fitzgerald ló kọ́ ọ ní 1865. Láti 2001 ó ti di múṣíọ̀mù ìjọba, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ohun tí wọ́n sì kó síbẹ̀ kì í ṣe wúrà onílẹ̀, irinṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ ni: apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n hun, ọkọ́ tí wọ́n fi ń wú pòtétò, àga tí wọ́n fi koríko ṣe. Ilé ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ọkọ́ ẹni tó ń san án ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó wà nínú wọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe.

Nítorí náà, ẹ má kàn sọ fáwọn ọmọ pé ilé bàbá wa ni. Ẹ bi wọ́n pé ṣọ́ọ̀bù mélòó ló lè wà nísàlẹ̀ tí òkè á ṣì dúró. Ìgbẹ̀in kò jìnnà sí Ìtòkú, àwọn tó ń wá ra àdìrẹ láti Èkó ń wá ibi jókòó, ibi jẹun, ibi ya fọ́tò. Ìyẹn owó ni. Àti pé tí ẹnì kan bá ń gbìyànjú láti ta ilé ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, kò tọ̀nà lójú òfin, ẹ wá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ilé ẹbí.

Ní ti ògiri, ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí: ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà kankan fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ níta. Amọ̀ máa ń mí, símẹ́ńtì á há omi mọ́ inú ẹ̀, amọ̀ á rọ̀ lábẹ́ ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i títí yóò fi ya. Amọ̀ ni kí wọ́n fi tún amọ̀ ṣe. Àwọn tó ń tún ilé òkúta ṣe lọ́hùn-ún náà, òkúta ẹfun tí wọ́n sun tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn ni wọ́n ń lò, torí ohun kan náà.

Ilé bàbá ìyá mi wà ní Ìkìjà. Àtẹ̀gùn pákó ẹ̀ kẹta látìsàlẹ̀ máa ń ké bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́, bí ìyá àgbà ṣe ń mọ̀ nìyẹn pé ọmọ kan ti fẹ́ yọ́ jáde lálẹ́. Páànù kan ṣí lẹ́yìn ilé lọ́dún kan, a ní a máa kó owó jọ, a ń ṣèpàdé, a ń ṣèpàdé, páànù kan péré, láàárín ọdún mẹ́ta igun òkè ya lulẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára. Mi ò rí fọ́tò ilẹ̀kùn yẹn kankan.

Ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ tó pe ìpàdé ẹbí, ẹ gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi ti ń wọlé. Kí wọ́n bá yín kan ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá sì ní fóònù tó ń ya fọ́tò, ẹ ya gbogbo ilẹ̀kùn.